Àpò Ẹ̀yìn Ni Ká Rà Kẹ́yìn

Ọ̀pọ̀ ẹni tó fẹ́ fẹsẹ̀ rin orí òkè àti inú igbó fún ọjọ́ mélòó kan, àpò ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ́kọ́ rà. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń ṣì í. Àpò ńlá kì í ṣófo: àyè tó bá ṣẹ́ kù nínú rẹ̀, ṣòkòtò kẹta àti bàtà tí ẹnikẹ́ni ò ní wọ̀ ló máa dí i. Ẹ jẹ́ kí ẹrù yan àpò.

Orí òṣùwọ̀n niṣẹ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. A ó kó àgọ́, àpò ìsùn, ẹní, ìkòkò, aṣọ òjò àti gbogbo wẹ́wẹ̀wẹ́ jọ, títí kan àpò tí a ní lọ́kàn. Oúnjẹ, omi àti gáàsì kò sí níbẹ̀, torí ojoojúmọ́ ni wọ́n ń dín kù. Ìyókù ni ẹrù ìpìlẹ̀. Láàárín àwọn tó ń rin irú ìrìn yìí ní Amẹ́ríkà, ẹni tí tirẹ̀ kò bá tó kílò 9 ni wọ́n ń kà sí ẹlẹ́rù fúyẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ kò tó kílò 4.5 ti di ọ̀gá.

Lẹ́yìn náà la ó wá ro oúnjẹ mọ́ ọn, bíi gíráàmù 700 sí 900 lójúmọ́, àti omi, tí lítà kan rẹ̀ jẹ́ kílò kan. Ẹrù ìpìlẹ̀ kílò 6, oúnjẹ ọjọ́ márùn-ún bíi kílò 4, omi lítà 2: kílò 12 nìyẹn láàárọ̀ ọjọ́ àkọ́kọ́. Àárọ̀ yẹn ni ká fi yan àpò.

Ìdí ni pé àwọn àpò kan ní egungun, ìyẹn ọ̀pá àlùmíníọ̀mù tẹ́ẹ́rẹ́ tàbí ike líle tó na ẹ̀yìn wọn, àwọn kan ò sì ní. Ẹni tó bá ti pọnmọ rí á tètè mọ ohun tó fà á. Ọ̀já tó gba abẹ́ ìdí ọmọ ló ń gbé ìwúwo rẹ̀ lé ìbàdí ìyá. Bó bá dẹ̀, ọmọ á máa yọ̀ wálẹ̀, ẹ̀yìn ìyá á sì gbà á. Iṣẹ́ tí ìgbànú àpò ń ṣe nìyẹn, àmọ́ ó nílò ohun tó dúró gbọin tí yóò gbé ẹrù lé e. Àpò tí kò légungun lè má ju gíráàmù 500 lọ, ó sì dùn ún gbé, ṣùgbọ́n bí ẹrù bá ti ń kọjá bíi kílò 9, ńṣe ló ń wó lé ara rẹ̀, èjìká ló ń jẹ̀yà. Àwọn kan máa ń ká ẹní fóòmù sínú rẹ̀ kó lè dúró. Ó ń ranni lọ́wọ́ díẹ̀. Fún kílò 12 tòkè yìí, àpò eléegungun tó wọ̀n bíi kílò kan ló tọ́.

Gíga èèyàn kọ́ la fi ń yan sáìsì. Láti egungun tó yọ lẹ́yìn ọrùn nígbà tí a bá tẹrí ba, dé orí egungun ìbàdí, la ń wọ̀n. Ẹlòmíì ga, ẹsẹ̀ ló gùn, ẹ̀yìn rẹ̀ kúrú.

Ó wá ku bí àpò ṣe máa tóbi tó. Páálí lásán tó o: a ó to ẹrù àti oúnjẹ sí i, a ó fi gígùn, ìbú àti gíga rẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà sọ ara wọn di púpọ̀, a ó sì fi 1,000 pín in. Páálí 50 lọ́nà 30 lọ́nà 30 jẹ́ lítà 45.

Ojú ọ̀nà náà ní tirẹ̀ í sọ. Lórí Appalachian Trail, ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ kan ní Amẹ́ríkà tó tó nǹkan bíi kìlómítà 3,500 láti Georgia dé Maine, ìlú tí a ti lè ra oúnjẹ kì í jìnnà síra púpọ̀. Ibẹ̀ ni Emma Gatewood, ẹni ọdún 67, ti fẹsẹ̀ rìn tán lọ́dún 1955 pẹ̀lú àpò aṣọ tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán, tó gbé kọ́ èjìká kan. Kò gbé àgọ́, kò gbé àpò ìsùn. Ní Yosemite, ọgbà igbó ìjọba kan ní California, òfin ní kí ẹni tó máa sun inú igbó kó oúnjẹ rẹ̀ sínú àgbá líle tí béárì ò lè ṣí. Èyí tó gba oúnjẹ ọjọ́ mélòó kan wọ̀n bíi kílò kan, kò sì ṣeé tẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá ń lọ síbẹ̀, kó gbé àgbá náà dání lọ sí ṣọ́ọ̀bù, kó tì í wọnú àpò kó tó sanwó.