Ìdí Tí Ọkọ̀ Òfurufú Oníke Fi Gbọ́dọ̀ Dán Kó Tó Ṣú

Lílẹ ọkọ̀ òfurufú oníke àtijọ́ pọ̀, ìyẹn àwòkọ kékeré ọkọ̀ gidi tí wọ́n ń tà ní ègé-ègé, kò le. Gúlúù rẹ̀ á yọ́ ike méjèèjì wọnú ara wọn, ó parí. Ara rẹ̀ ni iṣẹ́ wà. Ìlà tó yọ sókè ni Airfix, iléeṣẹ́ Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣe irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, fi ṣàmì ibi tí páànù ti pàdé lára ọ̀pọ̀ ọkọ̀ tí wọ́n ṣe láyé àtijọ́. Spitfire gidi, ọkọ̀ òfurufú ogun àwọn Gẹ̀ẹ́sì, fẹ̀ ní mítà 11.23 láti ṣóńṣó ìyẹ́ kan dé èkejì. Ní ìwọ̀n 1/72, ìyẹn ìdá kan nínú méjìléláàádọ́rin ọkọ̀ gidi, kò ju sẹ̀ǹtímítà 15.6 lọ. Ìlà tó bá ga ní mìlímítà 0.2 péré lórí ike, lára ọkọ̀ gidi, á ga ju mìlímítà 14 lọ, ó tó ìka ọwọ́ àgbà. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń fi sánpépà àti omi ha á dànù, tí wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ fa òmíràn tó jinlẹ̀ díẹ̀.

Lẹ́yìn ọ̀dà ni àṣìṣe tó ń dunni máa ń wáyé. Ọ̀dà ọkọ̀ ogun kì í sábà dán, ni wọ́n bá lẹ sítíkà olómi, èyí tí wọ́n ń rẹ sómi kí wọ́n tó lẹ̀ ẹ́, mọ́ ọn bẹ́ẹ̀. Bó bá gbẹ, etí rẹ̀ á máa kọ funfun bíi fàdákà. Wọ́n á ní sítíkà ti gbó. Rárá o, afẹ́fẹ́ ni. Ojú ọ̀dà tí kò dán rí gbágungbàgun, bí a ò tilẹ̀ rí i; sítíkà á jókòó sórí àwọn ṣóńṣó, afẹ́fẹ́ á há sínú kòtò, ìmọ́lẹ̀ á sì máa tàn padà lára rẹ̀.

Ìlẹ̀kẹ̀ lántànà tí wọ́n ń ṣe ní Ìlọrin nígbà kan ló ṣàlàyé rẹ̀ dáadáa. Òkúta pupa ni, ó sì ṣú nígbà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbẹ́ ẹ. Wọ́n á máa fi omi lọ̀ ọ́ lórí òkúta títí á fi dán. Ẹnikẹ́ni ò kùn ún lọ́dà. Gbágungbàgun ojú rẹ̀ ló lọ. Kódà, bí wọ́n bá ta omi sí èyí tí wọn ò tíì lọ̀ tán, á dán fún ìgbà díẹ̀, torí omi ti dí àwọn kòtò náà. Fáníìṣì tó ń dán jẹ́ irú omi bẹ́ẹ̀, àmọ́ òun kì í gbẹ lọ.

Ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n ń fi fáníìṣì yìí kun ọkọ̀ náà kí wọ́n tó lẹ sítíkà, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́. Lásìkò ọyẹ́, abọ́ ńlá ni wọ́n fi ń dé e kí eruku má bà á jẹ́. Sítíkà tó bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, wọ́n á kó o sínú ọ̀rá, wọ́n á lẹ̀ ẹ́ mọ́ fèrèsé tí oòrùn ń pa. Oòrùn Ìlọrin á fọ̀ ọ́ funfun padà. Ẹ̀yìn náà ni wọ́n ń rẹ ẹ́ sómi, wọ́n á gbé e sórí fáníìṣì, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ láti àárín lọ sí etí.

Fáníìṣì tí kì í dán ló kẹ́yìn. Ọgbọ́n tó jinlẹ̀ nìyí: wọ́n ṣe dídán yìí tán, wọ́n sì bò ó mọ́lẹ̀, síbẹ̀ iṣẹ́ rẹ̀ kò parẹ́. Etí sítíkà á pòórá bí ẹni pé ọ̀dà ni wọ́n fi yà á. Bí wọ́n bá wá ṣí téèpù tí wọ́n ti fi bo ojú dígí awakọ̀ kí ọ̀dà má bàa kàn án, ibẹ̀ nìkan ni yóò máa dán.