Páténtì àti Géèmù Tí À Ń Fẹsẹ̀ Rìn Ṣe

Korobá dúdú kan ló bí gbogbo ìjà tó wà lórí páténtì àwọn géèmù tí à ń fẹsẹ̀ rìn ṣe. Ní ọjọ́ 3 oṣù Karùn-ún 2000, Dave Ulmer gbé e lọ sínú igbó lẹ́bàá Beavercreek, ní ìpínlẹ̀ Oregon lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ó kó ìwé, fídíò, owó díẹ̀, agolo ẹ̀wà kan àti kànnàkànnà sínú rẹ̀, ó sì lọ kọ nọ́ńbà tó ń júwe ibẹ̀ lórí máàpù sórí íntánẹ́ẹ̀tì: N 45° 17.460, W 122° 24.800. Ẹni tó bá rí i, kó mú nǹkan, kó sì fi nǹkan sílẹ̀. Kò pẹ́ rárá tí Mike Teague fi débẹ̀.

Kí ló dé tó fi jẹ́ ọjọ́ yẹn? Iléeṣẹ́ ológun Amẹ́ríkà ló ni sátẹ́láìtì GPS, èyí tó ń jẹ́ kí ẹ̀rọ mọ ibi tí èèyàn wà, ọjọ́ sì ti pẹ́ tí wọ́n ti ń mọ̀ọ́mọ̀ da àṣìṣe sínú àmì tí ará ìlú ń gbà. Nígbà tí ọjọ́ 1 oṣù náà ń di ọjọ́ 2, Ààrẹ Bill Clinton ní kí wọ́n dáwọ́ àṣìṣe yẹn dúró. Ẹ̀rọ tó ti ń fi nǹkan bí 100 mítà ṣìnà wá ń fi bíi 20 mítà péré ṣìnà. Ta ni yóò wá korobá nínú igbó pẹ̀lú ẹ̀rọ tó lè gbé e kọjá pápá bọ́ọ̀lù kan? Ṣùgbọ́n bó bá ku 20 mítà, ojú lásán ti tó.

Nígbà tó di oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, wọ́n ti ń pe eré yìí ní geocaching, Jeremy Irish sì ti ṣí ìkànnì kan fún un. Iléeṣẹ́ tó dúró lẹ́yìn ìkànnì ọ̀hún, Groundspeak, gba páténtì Amẹ́ríkà nọ́ńbà 6,691,032 ní 2004. Ìwé àṣẹ ni páténtì: fún 20 ọdún láti ọjọ́ tí èèyàn bá ti kọ̀wé béèrè, ẹlòmíì kò gbọdọ̀ lo ohun tó dá sílẹ̀ láìgbàṣẹ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹni tó bá ń retí korobá nínú ìwé náà, kò ní bá a níbẹ̀. Èdè lọ́yà ló kún inú rẹ̀. Bí a bá tú u sí èdè ilé, ohun tó ń sọ ni pé: a pa ààlà sórí ilẹ̀, ẹnì kan mú ẹ̀rọ dání ó ń bọ̀, bí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá ti wọ ààlà yẹn báyìí, ẹ̀rọ á ṣe ohun tí wọ́n ti ní kó ṣe. Ó dà bí ohun kékeré. Èmi sì gbà pé kékeré náà ni, àmọ́ ẹ wá géèmù kan tó ń lo ibi tí èèyàn wà tí kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀ nínú.

Òfin ò gbà kí ẹnikẹ́ni gba páténtì lórí "ká máa rìn ká máa ṣeré." Àdéhùn páténtì ilẹ̀ Yúróòpù ti 1973, ní abala 52, sọ ọ́ gbangba pé òfin eré ṣíṣe kì í ṣe ohun àdásílẹ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni ètò kọ̀ǹpútà tó bá dá dúró. Ìdí nìyí tí àwọn lọ́yà fi ń wọ aṣọ ẹ̀rọ fún eré: "sáfà" (kọ̀ǹpútà tó ń bá fóònù wa ṣiṣẹ́ láti ọ̀nà jíjìn), "àmì," "ààlà." Ní Amẹ́ríkà, ilẹ̀kùn ṣí ju bẹ́ẹ̀ lọ lẹ́yìn ìdájọ́ ilé ẹjọ́ tí wọ́n ń pè ní State Street ní 1998, tó jẹ́ kí wọ́n máa gba páténtì lórí ọ̀nà òwò.

Ohun tí ayé bá sì ti rí, kò tún ṣeé pè ní tuntun. Níbẹ̀ ni àwọn eré àtijọ́ ti wúlò fún ẹni tí wọ́n bá pè lẹ́jọ́. Ní 2001, iléeṣẹ́ It's Alive ní Sweden gbé géèmù BotFighters jáde: o fi àtẹ̀jíṣẹ́ ránṣẹ́, òpó fóònù sọ ibi tí o wà, bí ọ̀tá bá sún mọ́ ọ, o yìnbọn fún un. Ọdún yẹn kan náà ni ẹgbẹ́ Blast Theory tú àwọn eléré sáré sí ìgboro Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pẹ̀lú GPS lọ́wọ́, tí wọ́n ń lé àwọn tó jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, tí àwòrán wọn ń rìn lórí máàpù ìlú náà. Kò tíì sí iPhone nígbà náà.

Ní 2014, Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ Amẹ́ríkà dá ẹjọ́ Alice, ó ní bí èèyàn bá gbé àbá lásán sórí kọ̀ǹpútà lásán, kò tíì dá nǹkan kan sílẹ̀. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, Niantic, iléeṣẹ́ tó ti ṣe géèmù Ingress, gbé Pokémon GO jáde, géèmù tí èèyàn fi ń wá ẹ̀dá inú fóònù kiri ìgboro, ọ̀kẹ́ àìmọye èèyàn sì já síta. Owó wọlé, ẹjọ́ náà sì dé.

Ní oṣù Kẹsàn-án 2020, NantWorks, iléeṣẹ́ Patrick Soon-Shiong, pe Niantic lẹ́jọ́ ní California. Wọ́n ní Pokémon GO àti Harry Potter: Wizards Unite ń lo ohun táwọn ti gba páténtì lé lórí, ìyẹn bí wọ́n ṣe ń fi ohun tí kò sí níbẹ̀ han èèyàn gẹ́gẹ́ bí ibi tó dúró sí. Niantic fi ẹjọ́ Alice dá wọn lóhùn. Lọ́yà ṣì ń fa ọ̀rọ̀ náà mọ́ra wọn lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n pa Wizards Unite fúnra rẹ̀ rẹ́ ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní 2022.