Kí Nìdí Tí Orin MIDI Kan Náà Fi Ń Yí Ohùn Padà Láti Kọ̀ǹpútà Kan sí Òmíràn?

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀wọ́, mo ń ṣe ètò kọ̀ǹpútà kan tí yóò máa fi àwòrán àti orin Ojúde Ọba kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé ní Ìjẹ̀bú-Òde. Orin MIDI inú rẹ̀ dùn lórí kọ̀ǹpútà mi, ṣùgbọ́n lórí ti ilé-ìwé, ó yàtọ̀ pátápátá, gángan inú rẹ̀ kò sì fọhùn mọ́. Kí ló fà á?

Ìdáhùn: Kò sí ohùn kankan nínú fáìlì MIDI. Àṣẹ ló wà níbẹ̀: pé kí a tẹ ohùn 60, tí í ṣe C àárín dùùrù, bí a ó ṣe tẹ̀ ẹ́ le tó, láti 1 dé 127, àti ìgbà tí a ó gbọ́wọ́ kúrò. Kọ̀ǹpútà tó gba àṣẹ náà ló ń fi ohùn tirẹ̀ jẹ́ ẹ, bí ẹgbẹ́ akọrin méjì ṣe lè kọ orin ìwé kan náà kí ohùn wọn má sì jọra. Ìlànà General MIDI ti ọdún 1991 to ohun èlò 128 sí ipò kan náà níbi gbogbo. Agogo wà ní ipò 114, ṣùgbọ́n gángan kò sí níbẹ̀ rárá.

Ìbéèrè: Ṣé MIDI kò wá lè lu gángan ni?

Ìdáhùn: Ó lè gbìyànjú. Onílù a máa fún ọsán kí ohùn lè gòkè tàbí kí ó sọ̀ kalẹ̀, MIDI náà sì ní àṣẹ títẹ ohùn (pitch bend), tó ń fa ohùn sókè tàbí sísàlẹ̀, tó sì ní ìpele 16,384. Ṣùgbọ́n bí fáìlì kò bá sọ bí títẹ̀ náà yóò ṣe gbòòrò tó, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ kì í kọjá ìdajì ohùn (semitone) méjì sókè tàbí sódò. Bí ẹ bá ti fẹ̀ ẹ́ sí 12 lórí ẹ̀rọ yín láìkọ ọ́ sínú fáìlì, ohùn òkè àti ti ìsàlẹ̀ yóò sún mọ́ra níbòmíràn, ẹni tó gbọ́ Yorùbá kò sì ní mọ ohun tí ìlù ń wí. Títẹ̀ náà tún ń kan gbogbo ohùn tó wà lórí ìkànnì kan (ọ̀nà tí àṣẹ ohun èlò kan ń gbà kọjá), nítorí náà, ẹ fún gángan ní ìkànnì tirẹ̀ nínú 16, kí ó má sì jẹ́ ìkànnì 10, níbi tí nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan ti ń pe ìlù ọ̀tọ̀.

Síbẹ̀, fún oríkì àwọn ìdílé Balógun tó ń gẹṣin wá kí Awùjalẹ̀, èmi yóò pe onílù gan-an, n óò sì gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀ sínú fáìlì WAV. Ẹ fi agogo àti dùùrù sílẹ̀ fún MIDI.

Ìbéèrè: Bí ọmọ bá pa àwòrán dé, ohùn kan a máa dún lọ láìdákẹ́ ńkọ́?

Ìdáhùn: Àṣẹ ìgbọ́wọ́kúrò ni kò dé ibi tó ń lọ. Kí ètò yín tó pa orin, ẹ jẹ́ kí ó fi àṣẹ 123, tó ń pa gbogbo ohùn, ránṣẹ́ sí ìkànnì 16 náà lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ó sì dá títẹ ohùn padà sí àárín.