Ìdí tí El-Shazly kò fi fẹ́ kọjá kìlómítà 10

Ẹni tó bá ní ojo ló mú àwọn ọmọ ogun Íjíbítì dúró lẹ́yìn tí wọ́n sọdá odò Suez tí ènìyàn gbẹ́, nínú ogun tí wọ́n bá Ísírẹ́lì jà ní October 1973, kò tíì yẹ ètò ogun yẹn wò. Kí ìbọn tó dún rárá ni wọ́n ti mọ ibi tí wọn yóò dúró sí.

Ọ̀gágun Saad el-Shazly ló wà nídìí ètò náà. Ó ti darí àwọn ọmọ ogun tí ń já láti inú bàálù rí, kó tó di ọ̀gá àgbà àwọn òṣìṣẹ́ ológun ní May 1971. Bí wọ́n ṣe fi omi wó òkè yanrìn tí Ísírẹ́lì mọ sétí odò, ọ̀pọ̀ ènìyàn ti gbọ́ ọ, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

El-Shazly mọ̀ pé apá òun kò ká bàálù ogun Ísírẹ́lì, kò sì bá wọn du ojú ọ̀run. Mísáìlì Sófíẹ́tì tó ń já bàálù lulẹ̀, tí wọ́n tò sí ìwọ̀ oòrùn odò, ló gbójú lé. Ibi tí mísáìlì yẹn lè dáàbò bò ní òdìkejì kò ju nǹkan bíi kìlómítà 10 sí 12 lọ. Bí àgbébọ̀ bá na ìyẹ́, òròmọdìyẹ lè jẹ̀ títí dé ibi tí ìyẹ́ náà mọ, àṣá kò ní rí wọn gbé. Àmọ́ àgbébọ̀ yìí kì í sáré: ojú kan ni púpọ̀ nínú mísáìlì náà wà, èyí tó ṣeé wà kiri kò tó nǹkan. Àwọn òròmọdìyẹ ọ̀hún sì mọ ìjà, nítorí ọmọ ogun ẹlẹ́sẹ̀ gbé mísáìlì kékeré tó ń fọ́ táǹkì lọ́wọ́. Kí wọ́n ṣáà dúró síbẹ̀, kí ọ̀tá wá bá wọn. Ní October 8, táǹkì Ísírẹ́lì wá lóòótọ́, ojú wọn sì rí màbo.

Ètò tó mọ̀wọ̀n ara rẹ̀ ni, ìyẹn ló sì fi gbọ́n. Àbùkù ibẹ̀ ni pé ẹni tó gbé e kalẹ̀ kọ́ ló ni àṣẹ ìkẹyìn. Ìyà ń jẹ Síríà, tó ń bá Ísírẹ́lì jà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Íjíbítì, Sadat tó jẹ́ Ààrẹ Íjíbítì sì ní kí wọ́n tẹ̀ síwájú lọ sáàárín àwọn òkè Sínáì. El-Shazly ní kò ṣeé ṣe. Saad Mamoun àti Abdel Moneim Wassel, tí wọ́n ń darí ẹgbẹ́ ọmọ ogun ńlá méjèèjì lójú ìjà, sọ bẹ́ẹ̀ náà. Mínísítà ogun, Ahmed Ismail, dá wọn lóhùn pé ọ̀rọ̀ òṣèlú ni. Wọ́n jáde kúrò lábẹ́ ìyẹ́ ní October 14, wọ́n sì pàdánù nǹkan bíi 250 táǹkì lọ́jọ́ kan ṣoṣo.

Táǹkì tó yẹ kó máa ṣọ́ ẹ̀yìn ni wọ́n kó lọ síbẹ̀. Lóru ọjọ́ kejì, Ísírẹ́lì sọdá odò wá sí ìwọ̀ oòrùn. El-Shazly bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n dá ẹgbẹ́ táǹkì mẹ́rin padà wá dí ibi tí Ísírẹ́lì gbà wọlé. Sadat kọ̀. Ní December, wọ́n yọ ọ́ nípò, wọ́n sì fi ṣe aṣojú ìjọba ní Lọ́ńdọ̀nù, lẹ́yìn náà ní Pọtogí. Ó padà di ìsáǹsá nígbà tó bu ẹnu àtẹ́ lu àdéhùn Camp David tí Sadat bá Ísírẹ́lì ṣe. Ọdún 1983 ni ilé ẹjọ́ ológun dájọ́ ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́ta fún un nígbà tí kò sí níbẹ̀, wọ́n ní ó tú àṣírí ogun nínú ìwé tó kọ. Ìgbà tó padà sílé ní 1992 ni wọ́n tó jù ú sí i.