Kí Ẹ Tó Ní Kọ́tísọ́ọ̀lù Yín Ti Tán

Lọ́sẹ̀ tó kọjá nìkan, èèyàn mẹ́rin ló gbé ìwé àyẹ̀wò tí wọ́n dá lọ ṣe wá bá mi. Ọ̀rọ̀ kan náà ló wà lẹ́nu gbogbo wọn: "Dókítà, kọ́tísọ́ọ̀lù mi ti tán, ìdí nìyẹn tó fi ń rẹ̀ mí." Mo bi wọ́n pé aago mélòó ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ lára wọn. Ọ̀kan ní aago mẹ́ta ọ̀sán. Ọ̀kan ní ilẹ̀ ti ń ṣú. Àwọn méjì tó kù ò tiẹ̀ rántí.

Ibẹ̀ lowó yín ti ń ṣòfò. Kọ́tísọ́ọ̀lù jẹ́ hòmóònù, ìyẹn ohun tí ara ń tú sínú ẹ̀jẹ̀ láti fi darí iṣẹ́ rẹ̀; ẹṣẹ́ (gland) méjì tó wà lórí kíndìnrín ló ń ṣe é, kì í sì í dúró sójú kan. Kí ilẹ̀ tó mọ́ ló ti ń gòkè, ó máa ń kún jù lọ láàárín ìgbà tí èèyàn bá jí sí nǹkan bí aago mẹ́jọ àárọ̀, lẹ́yìn náà ni yóò máa lọ sílẹ̀ títí di òru ọ̀gànjọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá gbà nírọ̀lẹ́ máa kéré sí ti àárọ̀. Bí Ọlọ́run ṣe dá ara nìyẹn. Ọlọ́dẹ tó ń ṣọ́ ilé lóru, tó wá ń sùn lọ́sàn-án, tirẹ̀ tún lè yí. Bí ti aago mẹ́jọ náà bá ń kọ wá lóminú, abẹ́rẹ́ kan wà tí à ń gún láti fi dán ẹṣẹ́ méjì orí kíndìnrín wò, a ó sì tún gba ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Láábù tí kò bá kọ aago sórí ìwé àyẹ̀wò kọ́tísọ́ọ̀lù, ẹ má fún wọn lówó.

Àwọn tó ń ta oògùn lórí íntánẹ́ẹ̀tì ní wàhálà ayé ló mú kó rẹ ẹṣẹ́ yẹn. "Adrenal fatigue" ni wọ́n ń pè é. Amẹ́ríkà ni orúkọ náà ti jáde ní 1998, àwa tí à ń tọ́jú hòmóònù ò sì kà á kún àìsàn. Wàhálà kì í gbẹ ẹṣẹ́. Ẹni tí tirẹ̀ gbẹ lóòótọ́, Thomas Addison ti júwe rẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù láti 1855: ikọ́ ẹ̀gbẹ ló sábà ń jẹ ẹ́ run nígbà náà. Olúwarẹ̀ á rù, iyọ̀ á máa wù ú jẹ, òòyì á máa kọ́ ọ bó bá dìde. Lára àwa èèyàn dúdú, èrìgì àti ìlà àtẹ́lẹwọ́ ni mo kọ́kọ́ máa ń wò bóyá wọ́n ti ṣú.

Àárẹ̀ tó ti lé lóṣù mẹ́fà, tí oorun kì í wò, tí èèyàn á fọ aṣọ díẹ̀ lónìí tí kò ní lè dìde lọ́la àti ọ̀túnla, àìsàn gidi ni. Kì í ṣe ọ̀lẹ, kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí, kì í ṣe àfọwọ́fà ìyá ọkọ. Kọ́tísọ́ọ̀lù àwọn kan lára àwọn tó ní irú àárẹ̀ yìí máa ń rẹlẹ̀ díẹ̀, àmọ́ kì í kúrò níbi tó yẹ kó wà, oorun tó dàrú àti àìlèrìn náà sì lè fa ìyẹn. Àwọn oníwádìí Amẹ́ríkà ti fún irú wọn ní hydrocortisone, ìyẹn kọ́tísọ́ọ̀lù tí wọ́n ṣe ní oògùn, rí. Ara fúyẹ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹṣẹ́ àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í sùn.

Ohun tó ń pa ẹṣẹ́ yẹn lọ́dọ̀ wa ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́: dexamethasone àti prednisolone tí wọ́n ń pò mọ́ oògùn eegun dídùn àti oògùn ìsanra, àti ìpára ìbóra tó ní clobetasol. Gbogbo wọn ló ń ṣe bíi kọ́tísọ́ọ̀lù nínú ara. Ọpọlọ ló ń ránṣẹ́ sí ẹṣẹ́ pé kó ṣiṣẹ́. Tó bá rí i pé ti òde ti kún ilẹ̀, kò ní ránṣẹ́ mọ́. Agbára hóró dexamethasone kan ṣoṣo, 0.5 mg, kò jìnnà sí ti gbogbo kọ́tísọ́ọ̀lù tí ara ń ṣe lóòjọ́. Ẹ wá wo ẹni tó ń lo méjì ní ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́!

Ìyá aláṣọ kan lò ó fún ọdún méjì nítorí orúnkún. Ojú rẹ̀ yọ róbótó, àwọn oníbàárà ń yìn ín pé ara ìyá ti ń dán. Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ̀ ẹ́, wòlíì kan ní ìyàwó àbúrò rẹ̀ ló ń mu agbára rẹ̀, kó da gbogbo oògùn nù, kó gbààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta. Ọjọ́ kejì ló bẹ̀rẹ̀ sí í bì, ó sì ṣubú. Nígbà tí wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ wa, ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 70/40, ṣúgà ara rẹ̀ ti lọ sílẹ̀ pátápátá. Ọmọ rẹ̀ obìnrin ló mú ọ̀rá oògùn náà jáde nínú báàgì, ọ̀rá yẹn ló gba ẹ̀mí ìyá rẹ̀ là. A gún hydrocortisone 100 mg sí i, a fa omi sí i lára. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó béèrè ẹ̀kọ gbígbóná.

Ẹni tó bá ti lò wọ́n ju ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ kò gbọ́dọ̀ dá wọn dúró lójijì, ì báà jẹ́ ìpára, ì báà jẹ́ oníhóró. Ẹ kó gbogbo ohun tẹ́ ẹ̀ ń lò wá, tọ̀rá tìgò, ẹ má tijú mi. Oṣù mọ́kànlá la fi dín ti ìyá yẹn kù kí ẹṣẹ́ rẹ̀ tó jí. Káàdì kan wà nínú àpò owó rẹ̀ ní gbogbo oṣù wọ̀nyẹn, mo fọwọ́ ara mi kọ ọ́: bí ibà bá dá mi dùbúlẹ̀, ẹ tètè fún mi ní hydrocortisone.