Igbó Tí Rousseau Kò Wọ̀ Rí

Àwọn tí mo ń kọ́ ní àwòrán yíyà sábà máa ń bi mí pé níbo ni ayàwòrán ti ń rí ohun tí ojú rẹ̀ kò rí rí. Kí n tó dáhùn, mo máa ń kọ́kọ́ fi àwòrán Henri Rousseau, ayàwòrán ará Faransé, tí a ń pè ní Àlá hàn wọ́n.

Ní 1910, ọdún tí ó kú gan-an, ni ó gbé e jáde. Àwòrán náà ga ju mítà 2 lọ, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ tó mítà 3. New York ni ó wà lónìí. Obìnrin kan tí kò wọṣọ fẹ̀yìn ti àga tìmùtìmù láàárín igbó kìjikìji; kìnnìún méjì ń yọjú láàárín ewé, erin fara pamọ́, afunfèrè kan dúró, ejò ń wọ́ lọ, òṣùpá sì wà lókè.

Rousseau kò dé irú igbó bẹ́ẹ̀ rí. Oníbodè ni, owó ni ó ń gbà lórí ẹrù tí ó ń wọ ìlú Paris títí di 1893. Inú ọgbà Jardin des Plantes ní Paris, níbi tí wọ́n ti ń tọ́jú ewéko ilẹ̀ olóoru sínú ilé onígíláàsì, ni ó ti lọ ń wo ewé, tí ó sì ń wo ẹranko.

Ẹ wá sún mọ́ ewé kan ṣoṣo nínú àwòrán náà. Etí rẹ̀ mú bí ẹni pé àlùmọ́gàjí ni wọ́n fi gé e, àwọ̀ rẹ̀ sì yàtọ̀ díẹ̀ sí ti èkejì rẹ̀. Òdòdó tí ó jọ òṣíbàtà, tí a mọ̀ mọ́ ojú omi, ni ó fà ga tí ó fi tóbi ju orí obìnrin náà lọ. Ewé ẹ̀yìn hàn kedere bíi ti iwájú, òṣùpá kò sì mú kí ohunkóhun ní òjìji. Ibẹ̀ gan-an ni àwòrán náà ti di àlá, nítorí kò sí ẹni tí í béèrè lójú oorun pé níbo ni ìmọ́lẹ̀ ti wá. Nígbà tí wọ́n bi Rousseau nípa àga, ó ní orí rẹ̀ ni obìnrin náà sùn sí tí ó fi ń lá àlá igbó. Lójú tèmi, àwòrán náà kò nílò àlàyé yẹn.

Bí ẹ bá fẹ́ dán an wò, ẹ já ewé kan lẹ́yìnkùlé yín, ẹ yà á bí ó ṣe rí títí kan iṣan ara rẹ̀, kí ẹ wá tún un yà kí ó ga ju ènìyàn lọ, kí ẹ sì gbé àga pálọ̀ yín sí ìdí rẹ̀. Ewé ewúro ni akẹ́kọ̀ọ́ mi kan lò. Ìyá rẹ̀, tí ó ń fọ ewúro lójoojúmọ́, bi í pé igbó ibo nìyẹn.