Kí A Tó Fi Desktop Kékeré Rọ́pò Laptop Alágbára

Ọ̀pọ̀ laptop alágbára ni kì í kúrò lórí tábìlì mọ́ nígbà tó bá yá. Ṣájà kì í kúrò lára rẹ̀, mọ́nítọ̀ ńlá wà níwájú rẹ̀, kíbọ́ọ̀dù àti mouse tí wọ́n rà lọ́tọ̀ sì ti gbaṣẹ́ lọ́wọ́ èyí tó wà lára rẹ̀. Tó bá ti dà báyìí, kò burú kí ẹni tó ni ín rò ó pé kí òun tà á, kí òun sì fi desktop kékeré rọ́pò rẹ̀. Ohun tí àwọn èèyàn sábà máa ń sọ ni pé desktop yára ju laptop lọ, owó rẹ̀ sì kéré. Òótọ́ wà níbẹ̀, àmọ́ kì í ṣe fún gbogbo desktop kékeré, ẹni tí kò bá sì mọ ibi tí ìyàtọ̀ náà ti ń wá lè náwó ńlá sórí ẹ̀rọ tí kò yára ju èyí tó tà lọ. Ọ̀dọ̀ iná àti ooru ni ìyàtọ̀ náà ti ń wá.

Iná tí ṣíìpù (ẹ̀yà tó ń ṣe iṣẹ́ ìṣirò nínú kọ̀ǹpútà) bá jẹ, ooru ni gbogbo rẹ̀ ń dà. Ṣíìpù tó ń jẹ wáàtì 45 ń tú ooru wáàtì 45 sílẹ̀, fáànù àti bàbà tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì gbọ́dọ̀ kó o jáde. Bí wọn ò bá lè kó o tán, ṣíìpù á máa gbóná sí i títí yóò fi sún mọ́ ìwọ̀n 100 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Níbẹ̀, òun fúnra rẹ̀ á dín eré kù kó má bàa bà jẹ́. Kò túmọ̀ sí pé nǹkan ti ṣe é. Bí wọ́n ṣe ṣe é kó máa ṣe nìyẹn. Laptop kò ní àyè fún bàbà tó nípọn tàbí fáànù tó fẹ̀, fáànù kékeré sì gbọ́dọ̀ yí kíkankíkan kó tó lè fẹ́ ìwọ̀n atẹ́gùn tí fáànù ńlá ń fẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ariwo tí laptop máa ń pa nígbà tí iṣẹ́ bá wọ̀ ọ́ lọ́rùn, ibẹ̀ ló ti ń wá.

Ìdí nìyí tí Intel fi ń kọ iye iná méjì sí ara àwọn ṣíìpù rẹ̀: èyí tó lè máa jẹ títí láìdúró, àti èyí tó lè gùn dé fún ìgbà díẹ̀. Core i9-13980HX tó wà nínú àwọn laptop alágbára ọdún 2023, wáàtì 55 ni ti àkọ́kọ́, 157 ni ti ìkejì. Core i9-13900K, tó jẹ́ ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fún desktop, wáàtì 125 ni, ó sì lè gùn dé 253. Core 24, ìyẹn ẹ̀ka inú ṣíìpù tó ń ṣiṣẹ́ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀, ló wà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan àwọn méjèèjì. Ẹni tó ń ka lẹ́tà, tó ń ṣí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì, tó ń ṣe ìṣirò owó, kò lè mọ ìyàtọ̀ láàárín wọn, torí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti parí kí ooru tó kóra jọ. Ẹni tó ń render fídíò gígùn, ìyẹn ẹni tó ń sọ ọ́ di fídíò tó parí lẹ́yìn àtúntò, ló máa mọ̀ ọ́n. Ní ìbẹ̀rẹ̀, laptop á sáré bí ẹni pé kò sí ohun tó lè dá a dúró. Tó bá yá, eré á wálẹ̀, ibi tó bá sì wálẹ̀ dé ló máa wà títí iṣẹ́ á fi parí.

Ti GPU, ìyẹn ṣíìpù tó ń ṣiṣẹ́ àwòrán, tún burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí orúkọ ibẹ̀ máa ń ṣini lọ́nà. RTX 4090 ti Nvidia wà fún desktop, ó wà fún laptop, àmọ́ ṣíìpù méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ti desktop ní core 16,384 àti ìrántí 24 GB, ó sì lè jẹ wáàtì 450. Ti laptop ní core 9,728 àti 16 GB, iná tó sì ń jẹ kì í ju wáàtì 175 lọ. Kò yẹ kí wọ́n fi orúkọ kan náà tà wọ́n. Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ rẹ̀ ṣe àwòrán 3D, tàbí tó ń fi ṣiṣẹ́ ọgbọ́n àtọwọ́dá, gbọ́dọ̀ wo iye wáàtì àti iye ìrántí kó tó wo orúkọ.

Títí dé ibí, ó dà bíi pé desktop ló jàre. Ṣùgbọ́n desktop kékeré kì í ṣe ẹyọ kan, ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà sì nìyí. Àwọn tó kéré jù, irú èyí tí Intel bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní ọdún 2012 lábẹ́ orúkọ NUC, tó sì fà lé ASUS lọ́wọ́ ní ọdún 2023, ṣíìpù laptop ló sábà máa ń wà nínú wọn. Laptop tí kò ní ojú (screen), tí kò sì ní bátìrì, ni irú àpótí bẹ́ẹ̀. Ó lè sáré díẹ̀ ju laptop tó ní irú ṣíìpù kan náà lọ, torí àyè tó wà nínú rẹ̀ ga díẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn kò ní GPU tó dá dúró lọ́tọ̀ sí ṣíìpù náà. Ẹni tó bá ti inú laptop tó ní GPU gidi bọ́ sínú rẹ̀ ti padà sẹ́yìn.

Lẹ́yìn wọn ni àwọn tí wọ́n ń pè ní kọ̀ǹpútà oní lítà kan, tí wọ́n ṣe fún ọ́fíìsì: ThinkCentre Tiny ti Lenovo, OptiPlex Micro ti Dell, EliteDesk Mini ti HP. Ṣíìpù desktop ló wà nínú wọn lóòótọ́, àmọ́ èyí tí wọ́n fi lẹ́tà T sí lẹ́yìn orúkọ rẹ̀ ló pọ̀ jù níbẹ̀, wáàtì 35 ni ìwọ̀n rẹ̀. Wọn kì í pariwo, wọ́n lágbára láti lò fún ọdún púpọ̀, àlòkù wọn sì pọ̀ lọ́jà nítorí pé ilé iṣẹ́ ńlá máa ń pààrọ̀ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Fún iṣẹ́ ọ́fíìsì àti ètò kọ̀ǹpútà kíkọ tí kò wúwo, kò sí ohun tó dára tó wọn ní iye owó wọn. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ ra àlòkù kó wo ọjọ́ orí ṣíìpù rẹ̀ dáadáa: Microsoft ti ṣíwọ́ àtìlẹ́yìn gbogbogbòò fún Windows 10 ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ẹ̀yà ààbò inú kọ̀ǹpútà), ní ti Intel, ìran kẹjọ sókè ló sábà máa ń gbà.

Ti Apple yàtọ̀. Mac mini tó jáde ní ọdún 2024 kò ju sẹ̀ǹtímítà 12.7 lọ ní ìbú, kò sì ju márùn-ún lọ ní gíga. Ṣíìpù Apple fúnra rẹ̀, M4 tàbí M4 Pro, ló wà nínú rẹ̀, àwọn yìí kan náà ló sì wà nínú MacBook Pro ọdún yẹn. Ẹni tó bá ní MacBook Pro M4 Pro, tó sì fi Mac mini M4 Pro rọ́pò rẹ̀ nítorí eré, kò ní rí eré kankan tó tó nǹkan jẹ. Owó ló máa rí, torí kò sanwó ojú àti bátìrì. Ti MacBook Air ni kò rí bẹ́ẹ̀: kò ní fáànù rárá, nítorí náà iṣẹ́ tó bá pẹ́ lórí rẹ̀ máa ń fà, Mac mini tó ní fáànù á sì tètè parí rẹ̀.

Èyí tó ń mú ìyàtọ̀ ńlá wá gan-an ni èyí tí wọ́n kọ́ sórí bọ́ọ̀dù (pátákó tí àwọn ẹ̀yà kọ̀ǹpútà ń so mọ́) tó ń jẹ́ Mini-ITX. Ilé iṣẹ́ VIA ló gbé ìwọ̀n bọ́ọ̀dù yìí jáde ní ọdún 2001, sẹ̀ǹtímítà 17 ni ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan rẹ̀. Àpótí tó gbà á lè wà ní nǹkan bíi lítà 10 sí 20, síbẹ̀ ó ń gba ṣíìpù desktop tí wọn ò dín nǹkan kan kù nínú agbára rẹ̀, ó sì ń gba GPU ńlá. Ibí yìí nìkan ni ẹni tó ní laptop alágbára ti lè fi ọkàn balẹ̀ pé iṣẹ́ òun á yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Wàhálà rẹ̀ ni pé àwọn ẹ̀yà rẹ̀ wọ́n ju ti àpótí ńlá lọ, wọ́n sì gbọ́dọ̀ wọnra wọn: gíga irin tó ń kó ooru, gígùn GPU, ibi tí wáyà máa gbà kọjá. Ẹni tí kò bá fẹ́ wọn àwọn nǹkan yìí fúnra rẹ̀ kó ra èyí tí wọ́n ti tò pọ̀.

Àǹfààní míì tí wọ́n máa ń kà sí ti desktop ni pé èèyàn lè fi RAM (ìrántí tí ẹ̀rọ ń lò lẹ́nu iṣẹ́) kún un, kó sì pààrọ̀ SSD (ibi tó ń fi fáìlì pamọ́ sí). Nínú Mini-ITX àti àwọn oní lítà kan, bẹ́ẹ̀ ló rí. Nínú Mac mini, RAM wà lára ṣíìpù, iye tí wọ́n bá rà níjọ́ kìíní ni wọ́n máa lò dé òpin. Bákan náà ni Framework Desktop ti ọdún 2025, tó jẹ́ lítà 4.5 péré: wọ́n ti jó RAM rẹ̀ mọ́ bọ́ọ̀dù, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó lè tó 128 GB, tí GPU inú rẹ̀ sì lè lo púpọ̀ nínú rẹ̀. Fún ẹni tó ń ṣí model èdè ńlá (ọgbọ́n àtọwọ́dá tó ń kọ ọ̀rọ̀) nílé ara rẹ̀, 128 GB yẹn ṣeyebíye. Kó ṣáà ti mọ̀ kó tó sanwó pé kò sí àfikún lọ́jọ́ iwájú.

Ọ̀rọ̀ bátìrì ní ojú méjì. Bátìrì lithium tó wà ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún ní gbogbo ìgbà, nínú ara ẹ̀rọ tó ń gbóná, tètè máa ń gbó, ó sì lè wú débi tí yóò máa ti kíbọ́ọ̀dù sókè. Laptop tó bá ti wú kò ṣeé fi ọwọ́ yẹpẹrẹ mú; kí wọ́n dáwọ́ lílò rẹ̀ dúró kí wọ́n sì gbé e lọ fún ẹni tó mọṣẹ́. Ọ̀pọ̀ laptop ló ní ètò tó ń jẹ́ kí bátìrì dúró ní 80, kí ẹni tó ń lò ó lórí tábìlì tètè tàn án. Desktop kò ní ìṣòro yìí, àmọ́ bí iná bá lọ, iṣẹ́ tí wọn ò tíì fi pamọ́ ti lọ nìyẹn. Nítorí náà, UPS (bátìrì tó ń gbé ẹ̀rọ ró fún ìgbà díẹ̀ bí iná bá lọ) wà lára owó desktop níbikíbi tí iná kò bá dúró ṣinṣin. Àpótí oní lítà kan á pẹ́ dáadáa lórí UPS kékeré. Mini-ITX tí GPU rẹ̀ ń jẹ wáàtì 300 kò ní pẹ́ níbẹ̀ rárá.

Kí èèyàn tún ṣírò gbogbo ohun tí laptop ti ń ṣe tí kò sí lára àpótí: ojú, kíbọ́ọ̀dù, kámẹ́rà, máìkì, sípíkà. Ẹni tó ti ní mọ́nítọ̀ àti kíbọ́ọ̀dù ti san púpọ̀ nínú rẹ̀. Ẹni tí kò tíì ní in lè rí i pé owó tó rò pé òun máa fi pamọ́ ti tán kó tó dé orí kámẹ́rà.

Kó tó ra ohunkóhun, ó yẹ kó mọ ohun tó ń dá laptop tó wà nílẹ̀ dúró. Kó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tó máa ń pẹ́ jù lórí rẹ̀, kó ṣí Task Manager lórí Windows tàbí Activity Monitor lórí Mac, kó sì máa wò ó bí iṣẹ́ náà ṣe ń lọ. Bí RAM bá kún dẹ́nu, tí disk ń ṣiṣẹ́ láìsinmi, àìtó RAM ni; bí laptop náà bá gba àfikún, owó kékeré á tán ìṣòro náà. Bí ṣíìpù bá ń ṣiṣẹ́ ní 100 nínú ọgọ́rùn-ún, tí eré rẹ̀ sì ń wálẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú díẹ̀, ooru ni. Ṣùgbọ́n ooru náà lè jẹ́ ti eruku. Laptop ọdún mẹ́ta tí wọn ò tíì fọn inú rẹ̀ rí, tí paste tó wà láàárín ṣíìpù àti irin rẹ̀ ti gbẹ, kì í ṣe ẹ̀rọ tí wọ́n rà mọ́. Kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n gbé ẹ̀yìn rẹ̀ sókè kí atẹ́gùn ráyè, kí wọ́n tún iṣẹ́ kan náà ṣe. Bí CPU (ṣíìpù tí a ti ń sọ bọ̀) àti GPU méjèèjì kò bá sì fi bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn ń dúró, ìdíwọ́ náà lè jẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì tàbí ètò tó ń lò, kò sì sí àpótí tó máa yanjú ìyẹn.

Ohun tó kù ni rírìn kiri. Ọ̀pọ̀ ń bẹ̀rù láti pàdánù rẹ̀, àmọ́ agbára laptop alágbára kì í sábà bá a jáde nílé. Lábẹ́ òfin ọkọ̀ òfurufú, bátìrì tó bá ju wáàtì-wákàtí 100 lọ ń béèrè àṣẹ kó tó wọ ọkọ̀, nítorí náà àwọn tó ń ṣe laptop kì í kọjá ibẹ̀. Ẹ̀rọ tó bá ń jẹ wáàtì 150 á jẹ bátìrì bẹ́ẹ̀ tán láàárín ogójì ìṣẹ́jú. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ laptop fi máa ń dín agbára wọn kù bí wọ́n bá ti yọ ṣájà. Fún ẹni tí ìrìn rẹ̀ kò pọ̀, desktop tó lágbára nílé àti laptop fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tó ń fi remote desktop wọlé sí i láti ọ̀nà jíjìn dára ju ẹ̀rọ kan tó fẹ́ ṣe méjèèjì lọ. Ẹni tó bá ń gbé iṣẹ́ tó wúwo lọ sọ́dọ̀ oníbàárà lọ́sẹ̀-ọ̀sẹ̀, tàbí tí íntánẹ́ẹ̀tì ibi tó ń lọ kò ṣeé gbára lé, kó má ta laptop rẹ̀.

Ẹni tó bá ti pinnu láti pààrọ̀, kó jẹ́ kí laptop àtijọ́ ṣì wà nílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí desktop bá dé. Ìgbà yẹn ni fáìlì tó gbàgbé, license tó so mọ́ ẹ̀rọ kan ṣoṣo, àti kọ́kọ́rọ́ BitLocker (ètò Windows tó ń ti disk pa) tí kò tíì kọ sílẹ̀ máa fara hàn. Tó bá ti kó gbogbo wọn tán, kó jáde kúrò nínú àkáǹtì rẹ̀ lórí laptop náà, ní pàtàkì lórí Mac níbi tí Activation Lock (àgádágodo tó so ẹ̀rọ mọ́ àkáǹtì ẹni tó ni ín) ti lè dí ẹni tó rà á lọ́wọ́, kó nu disk rẹ̀ mọ́, lẹ́yìn náà kó wá gbé e fún oníbàárà.